Ìwé Ìròyìn Iṣẹ́ àti Oyè Dìgírì: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Ka Ẹ̀kọ́ Àtẹ̀yìnwá àti Ìrírí sí Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Ọlọ́run, láti Fourah Bay dé Jos

Ìfáárà

Ní Lamingo, ní ẹ̀yìn ìlú Jos, níbi tí dáàmù wà láàrin àwọn àpáta, ni bàbá kan ti gbé àpò aláwọ kan wá bá mi ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òtútù mú gan-an. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n Jos ni wọ́n ti dàgbà. Hausa yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu bíi Yorùbá. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ pásítọ̀ fún ọdún 23. Wọ́n gbọ́ pé iṣẹ́ mi ni láti máa kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wá. Nígbà tí wọ́n tú àpò náà, ohun tó jáde níbẹ̀ kò kéré: sáfíkéètì ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì ọlọ́dún méjì, ìwé-ẹ̀rí kọ́ọ̀sì mẹ́jọ tí wọ́n jókòó sílé kọ́, ìwàásù tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ sílẹ̀ láti ọdún dé ọdún, àti ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́ta tí orúkọ àwọn tí wọ́n rì bọmi, àwọn tí wọ́n so pọ̀ àti àwọn tí wọ́n sin wà nínú wọn.

Bàbá ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan láti wá àyè fún dìgírì nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Ọlọ́run. Akọ̀wé tó dá wọn lóhùn kò tú àpò náà wò. Èsì WAEC ló béèrè. Kírẹ́díìtì mẹ́rin ni bàbá ní. Márùn-ún ni òfin sọ. Ó ní kí wọ́n lọ tún ìdánwò ṣe, bí wọ́n bá yege kí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ láti 100 level pẹ̀lú àwọn ọmọ tí wọ́n tó bí. Ìbéèrè wọn sí mi kò gùn: "Ẹ̀yin olùkọ́, ṣé kò sí èyí tí wọ́n lè kà nínú ìwọ̀nyí ni?"

Mi ò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá inú ìtàn, ohun tí mo sì rí ni mo gbé wá síwájú ẹ̀yin olùkọ́ àti aṣojú níbí. Èrò mi ni pé ìbéèrè bàbá yìí kì í ṣe tuntun rárá. Ìjọ ní ilẹ̀ Yorùbá ti ní òṣùwọ̀n fún ìrírí nígbà kan rí, òṣùwọ̀n tó ní ìwé, tó ní ẹlẹ́rìí, tó sì ní ìdánwò. Ó bọ́ lọ́wọ́ wa nígbà tí oyè yunifásítì gba ipò rẹ̀, a kò sì tíì fi òmíràn dípò rẹ̀ dáadáa.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kírẹ́díìtì fúnra rẹ̀. Lọ́jà, àwìn ni. Lórí fóònù, owó ìpè ni. Nínú èsì WAEC, ìwọ̀n bí ènìyàn ṣe yege ni. Ní yunifásítì, àkókò ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: ẹ̀kọ́ wákàtí kan lọ́sẹ̀ fún sáà kan, ìyẹn nǹkan bíi wákàtí 15, ni kírẹ́díìtì kan. Nínú gbogbo ìtumọ̀ wọ̀nyí, ti ọjà ló sún mọ́ ọ̀rọ̀ bàbá jù. Wọ́n gbà pé iṣẹ́ tí àwọn ti ṣe ti di gbèsè lọ́rùn ẹnì kan, wọ́n sì fẹ́ mọ ẹni tí yóò san án.

Òṣùwọ̀n àwọn àgbà C.M.S.

Ẹni tí a gbọ́dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ ni Samuel Àjàyí Crowther. Ọdún 1821 ni wọ́n mú un lẹ́rú ní Òṣogùn; ní 1822 ó gúnlẹ̀ sí Freetown gẹ́gẹ́ bí ẹni òmìnira; ní 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay. Lẹ́yìn náà, ó fi ohun tó ju ọdún mẹ́wàá lọ ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Sierra Leone. Kò sí ẹni tó pè é ní àlùfáà ní gbogbo ìgbà yẹn. Ohun tó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà ni ìrìn-àjò orí odò Ọya ní 1841. Òun àti J. F. Schön ni C.M.S. rán lọ, àwọn méjèèjì sì ń kọ ìròyìn ojoojúmọ́. Ikú pọ̀ nínú ìrìn-àjò náà, ó sì forí ṣánpọ́n, ṣùgbọ́n ìròyìn tí Crowther kọ kò ṣòfò. Schön dámọ̀ràn pé ó yẹ kí wọ́n fi í jẹ àlùfáà; wọ́n tẹ ìròyìn àwọn méjèèjì jáde ní 1842; ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n pè é wá sí ilé-ẹ̀kọ́ C.M.S. ní Islington, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà 1843, Bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù fi í jẹ díákónì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún náà ó di àlùfáà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Àkókò tó lò ní Islington kí ó tó di díákónì kò pé ọdún kan. Ohun tó mú kí ó kúrú bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n ka Fourah Bay sí i, wọ́n ka iṣẹ́ olùkọ́ sí i, wọ́n sì ka ìwé ìròyìn rẹ̀ sí i. Síbẹ̀ wọn kò yọ̀ǹda fún un lásán. Ó jókòó ṣe ìdánwò. Àwọn tó kọ ìtàn ayé rẹ̀ sọ pé Scholefield, ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Gíríìkì ní Cambridge, wà lára àwọn tó yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, àti pé ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun mú ìdáhùn Crowther lọ han àwọn ẹlẹgbẹ́ òun kan tí wọ́n ń jiyàn pé aláwọ̀ dúdú kò lè ronú jinlẹ̀. Kíka ìrírí sí ènìyàn àti dídán an wò kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Nínú ọ̀rọ̀ Crowther, ọwọ́ kan náà ló ṣe méjèèjì.

Daniel Olúbí tún lọ jìnnà ju èyí lọ. Ilé David àti Anna Hinderer ni ó ti kọ́ ohun gbogbo. Ó bá wọn wá sí Ìbàdàn ní 1853. Nígbà tí àwọn Hinderer fi Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1869, ọwọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ ìjọ ìlú náà bọ́ sí. Ní 1871 ló di díákónì. Ìyẹn ni pé ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà kí wọ́n tó fún un ní oyè rẹ̀. Kò yàtọ̀ sí ti ọmọ iṣẹ́ tó ti ń rán aṣọ oníbàárà kí ọ̀gá tó ṣe fírídọ́ọ̀mù fún un.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Samuel Johnson, ẹni tí gbogbo wa ń pe orúkọ rẹ̀ nítorí ìwé ìtàn Yorùbá. Láti 1863 sí 1865 ló wà ní ilé-ẹ̀kọ́ C.M.S. ní Abẹ́òkúta, lábẹ́ Gottlieb Bühler. Ó ṣe olùkọ́ ní Ìbàdàn. Ní 1875 ó di katikíìsì. Ní 1880 díákónì. Ní 1888 àlùfáà. Láàrin rẹ̀ ni ogun Kírìjì, tí ó ń gbé ìwé àlàáfíà lọ gbé ìwé àlàáfíà bọ̀ láàrin Aláàfin, àwọn ará Ìbàdàn àti Gómìnà ní Èkó. Kò ní dìgírì títí ó fi kú ní 1901.

Báwo ni àwọn alákòóso tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe mọ ohun tí olùkọ́ kan ń ṣe ní Arẹ̀mọ tàbí ní Ọ̀yọ́? Ìwé ìròyìn iṣẹ́ ni. Òfin C.M.S. ni pé kí òṣìṣẹ́ máa kọ ohun tó ń ṣe sílẹ̀, kí ó sì máa fi ṣọwọ́ sí wọn látìgbàdégbà. Kì í ṣe iye ènìyàn tó wá sí ìsìn nìkan ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Wọ́n ń kọ àríyànjiyàn wọn pẹ̀lú babaláwo, bí wọ́n ṣe bẹ aláìsàn wò, ohun tí olóyè kan bi wọ́n tí wọn kò rí ìdáhùn sí, ìyàwó tó sá wọ ilé ìjọ. Ẹni tó bá ka ìròyìn ọdún mẹ́wàá láti ọwọ́ ẹnì kan yóò mọ̀ bóyá onítọ̀hún ń dàgbà nínú iṣẹ́ tàbí ojú kan náà ló dúró sí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n nílé náà ń kọ̀wé nípa rẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù a sì dán an wò kí ó tó gbé ọwọ́ lé e lórí. Ohun tí àwọn olùkọ́ òde òní ń pè ní pọtifólíò nìyẹn, àwọn bàbá wa ti ń ṣe é pẹ̀lú gègé àti tàdáwà.

Òkìtì ìwé náà wà ní ibi ìkówèésí Yunifásítì Birmingham lónìí. Láti inú wọn ni J. D. Y. Peel ti kọ ìwé rẹ̀ ńlá nípa ìgbàgbọ́ àti ìdásílẹ̀ Yorùbá, èyí tó jáde ní 2000; inú àkójọ C.M.S. kan náà ni J. F. Adé Àjàyí ti wá ohun tó fi kọ ìtàn iṣẹ́ àwọn míṣọ́nnárì ní Nàìjíríà. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ayé ṣe rí: àwọn tí kò ní dìgírì kan ló kọ ohun tí àwọn mìíràn kà tí wọ́n fi gba oyè ọ̀mọ̀wé.

Kí a má baà rò pé gbogbo rẹ̀ dára, ó yẹ kí a rántí pé òṣùwọ̀n náà kò wúwo bákan náà fún gbogbo ènìyàn. Johnson kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ ní 1865, kò sì di àlùfáà títí di 1888. Ọ̀rọ̀ nípa ẹni tó ń di òṣùwọ̀n mú sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹjọ 1890, ní Onitsha, àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé jókòó lé ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ Crowther, wọ́n sì lé ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Graham Wilmot Brooke, tó wà lára wọn, kò ju ọmọ ọdún 25 lọ. Crowther fúnra rẹ̀ ti lé ní ẹni 80 ọdún. Ìrírí ọgbọ̀n ọdún lórí odò Ọya di ohun tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin dá lẹ́jọ́ láàrin ọjọ́ díẹ̀. Crowther kú ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 1891. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ti rí i pé oyè tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà lọ́wọ́ ẹni sàn ju ọ̀rọ̀ rere tí ọ̀gá sọ nípa ẹni. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi.

Durham àti Lọ́ńdọ̀nù

Irú oyè bẹ́ẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ní 1876 ni Fourah Bay bá Yunifásítì Durham dòwò pọ̀: Freetown ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti kàwé, ṣùgbọ́n oyè Durham ni yóò gbà, ìbáà jẹ́ B.A. tàbí ìwé-ẹ̀rí nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Ọlọ́run. Èyí yí gbogbo nǹkan padà. Kò sí ẹni tó lè sọ pé B.A. Isaac Olúwọlé jẹ́ ti aláwọ̀ dúdú; ìdánwò kan náà ni. Síbẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà 1893, nígbà tí wọ́n fi Olúwọlé jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó kúnlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ni Charles Phillips, tí òkìkí rẹ̀ ti inú iṣẹ́ tó ń ṣe ní Oǹdó láti 1877 wá. Ọ̀nà méjèèjì ṣì dọ́gba lọ́jọ́ náà: ti oyè àti ti iṣẹ́. Wọn kò dọ́gba bẹ́ẹ̀ mọ́ lẹ́yìn náà.

Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní ọ̀nà tirẹ̀. Láti 1858 ló ti ṣí ìdánwò rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láìbéèrè ibi tó ti kàwé. Kò ka ìrírí sí ènìyàn, ṣùgbọ́n kò sì fi àìlọ sí kíláàsì dí i lọ́nà. Ọ̀nà yìí ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbà tó fi gba B.Com. ní 1944, lẹ́yìn tó ti ṣe tíṣà, tó ti ṣe akọ̀wé, tó sì ti ṣòwò. Nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Ọlọ́run, àpẹẹrẹ tó wù mí jù sún mọ́ Jos. Ní Kwoi, ní gúúsù Kaduna, ni wọ́n ti bí Byang Kato ní 1936. Láti 1955 sí 1957 ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì ní Ìgbàjà, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn míṣọ́nnárì S.I.M. dá sílẹ̀ ní 1941. Ìwé-ẹ̀rí Ìgbàjà kò ṣí ilẹ̀kùn yunifásítì fún ẹnikẹ́ni nígbà náà. Kato ń kọ́ni, ó sì ń fi ẹ̀kọ́ àfìwéránṣẹ́ múra ìdánwò G.C.E. Ní 1966 ó gba B.D. ti Lọ́ńdọ̀nù, ó padà wá di akọ̀wé àgbà ìjọ ECWA, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jos, ní 1973 ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Dallas, ní Amẹ́ríkà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló bá omi lọ ní Mombasa, kò tíì pé ẹni 40 ọdún.

Tí a bá wo ìtàn Kato dáadáa, a óò rí i pé ẹ̀kọ́ Ìgbàjà ló gbé e ró, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kò sí lára ohun tí wọ́n kà sí i. Ó ní láti padà lọ gbé G.C.E. bí ẹni tí kò tíì kọ́ nǹkan kan. Ọpọlọ rẹ̀ ló gbà á là. Ènìyàn mélòó ló ní irú ọpọlọ yẹn, tó tún ní àkókò àti epo àtùpà?

Jos

Kò sí ìlú kan ní Nàìjíríà tó dára jù fún wíwo ọ̀rọ̀ yìí ju Jos lọ. Láyé ìwakùsà, ojú irin kékeré láti Zaria dé Bukuru ní 1914, àwọn oníṣòwò Yorùbá sì tẹ̀ lé e, pàápàá àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ onítẹ̀bọmi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni sẹ́mínárì àwọn Baptist wà láti 1898, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn tó jáde níbẹ̀ ló ń kó ìjọ jọ ní àwọn ìlú òkè ọya. Oníṣòwò aṣọ ni, aránṣọ ni, akọ̀wé ilé iṣẹ́ kùsà ni. Ilé ẹnì kan ni wọ́n ti ń gbàdúrà títí wọ́n fi ní ilé ìjọ, ẹni tó bá mọ̀wé díẹ̀ ni yóò sì ka Bíbélì. Bàbá tó gbé àpò wá bá mi, ọmọ ọmọ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ dé lẹ́yìn náà. Ní 1959 ni àwọn ìjọ TEKAN bẹ̀rẹ̀ sẹ́mínárì tiwọn ní Bukuru, T.C.N.N., pẹ̀lú Harry Boer gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá àkọ́kọ́. Àwọn Kátólíìkì ní St. Augustine's. ECWA dá JETS sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ní 1971 Yunifásítì Ìbàdàn ṣí ẹ̀ka kan sí Jos, èyí tó di Yunifásítì Jos ní 1975; kò pẹ́ tí àwọn sẹ́mínárì fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ abẹ́ rẹ̀ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn lè gba oyè tí ìjọba mọ̀. Àdéhùn Durham ti 1876 ló padà wá, ní orí òkè Plateau. Èrè rẹ̀ pọ̀. Àkóbá rẹ̀ ni pé òfin ìgbàwọlé yunifásítì bá a wọlé, kírẹ́díìtì márùn-ún ní WAEC sì di àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà sẹ́mínárì, níbi tí ìjọ ti máa ń béèrè tẹ́lẹ̀ pé irú ènìyàn wo ni, kí sì ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ní àkókò kan náà ni ohun mìíràn ń wọlé láti òkèèrè. Ní 1963, ní sẹ́mínárì Presbyterian kan ní Guatemala, àwọn olùkọ́ ibẹ̀ rí i pé àwọn tó ń darí ìjọ ní abúlé kò lè fi oko àti ẹbí sílẹ̀ wá gbé ní ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì gbé ẹ̀kọ́ náà lọ bá wọn. T.E.E. ni wọ́n ń pè é. Ní àwọn ọdún 1970 ó ti tàn dé Nàìjíríà: ìwé tí ènìyàn ń kà nílé, tó ń dáhùn ìbéèrè inú rẹ̀, tí ẹgbẹ́ kékeré sì ń pàdé lé lórí lọ́sẹ̀. Ìwé-ẹ̀rí mẹ́jọ inú àpò bàbá, T.E.E. ni gbogbo wọn. Ní 1976 ẹgbẹ́ ACTEA bẹ̀rẹ̀ láti máa fọwọ́ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Ọlọ́run ní Áfíríkà. Ó yẹ kí ACTEA, T.E.E. àti yunifásítì jókòó pa pọ̀ kí wọ́n so àtẹ̀gùn kan tí ènìyàn lè gùn láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Láti Lamingo tí mo ti ń kọ̀wé yìí, mi ò tíì rí àtẹ̀gùn náà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí n kò lè fò. Láti oṣù kẹsàn-án 2001, àti ní 2008 àti 2010, Jos rí ohun tí ojú kò gbọdọ̀ rí. Àwọn pásítọ̀ sìnkú, wọ́n gba opó sílé, wọ́n lọ jókòó pẹ̀lú àwọn imáàmù nínú ìpàdé àlàáfíà nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fẹ́ kí wọ́n lọ. Nínú ètò ẹ̀kọ́ sẹ́mínárì, kọ́ọ̀sì kan wà nípa ìtùnú àti ìgbaninímọ̀ràn, òmíràn wà nípa ìparí ìjà. Akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 20 yóò kọ́ wọn láti inú ìwé, yóò sì yege. Bàbá tó ti ṣe é lójú ogun ní láti jókòó sí kíláàsì kan náà, ìwé kan náà, owó kan náà.

Ohun tí àwa olùkọ́ ti mọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn olùkọ́ kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì. Àwa ni a ti ń ṣe é jù. Ọ̀pọ̀ àwọn olùkọ́ wa àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ bí púpù-tíṣà. Wọ́n ń kọ́ni, wọ́n ń kàwé, wọ́n sì ń gun òkè láti Grade III sí Grade II. Nígbà tí N.T.I. bẹ̀rẹ̀ ní Kaduna ní 1976, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wá tíṣà tó ti wà ní kíláàsì lọ, kí ó má ṣe di dandan fún un láti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó ní N.C.E. ń gba Direct Entry wọ 200 level, a kì í sọ fún un pé ohun tó kọ́ fún ọdún mẹ́ta kò sí. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní Lamingo yìí, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì: ẹni tó ti gba ìwé-ẹ̀rí nọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀ lè bá Direct Entry wọ ẹ̀kọ́ dìgírì. Yunifásítì NOUN, tí ìjọba tì ní 1984 tó sì tún ṣí ní 2002, ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Ọlọ́run ti Krìstẹ́nì. Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tó ti ṣe olórí orílẹ̀-èdè lẹ́ẹ̀mejì, gun àtẹ̀gùn ibẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 2018. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí ni gbogbo àwọn ọ̀nà wọ̀nyí ń kà. Ìwé-ẹ̀rí lórí ìwé-ẹ̀rí. Kò sí èyí tó lè ka ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́ta bàbá.

Àwọn ilẹ̀ mìíràn ti gbìyànjú. Faransé ṣe òfin kan ní 2002 tó fún òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti kó ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀ jọ, kí ó jókòó níwájú ìgbìmọ̀, kí wọ́n bi í ní ìbéèrè. Ìgbìmọ̀ náà lè fún un ní gbogbo oyè tàbí apá kan rẹ̀. South Africa ti fi irú rẹ̀ sínú ètò ìwé-ẹ̀rí orílẹ̀-èdè wọn láti 1995. Nígbà tí mo kà nípa àwọn ìgbìmọ̀ wọ̀nyí, Scholefield ló wá sí mi lọ́kàn, pẹ̀lú ìdáhùn Crowther lọ́wọ́.

Nítorí pé a kò ní irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn oníjìbìtì ti gba àyè náà. Wọ́n á ní kí pásítọ̀ kọ iye ọdún tó ti fi sìn, kí ó san owó, kí ó wá gba "Dókítà" ní òpin ọ̀sẹ̀. NUC kò yé tẹ orúkọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí kò gbàṣẹ jáde, wọn kò sì yé hù. Àwọn wọ̀nyí ló bá orúkọ ìrírí jẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá dá a lábàá lónìí pé kí a ka iṣẹ́ ìsìn sí dìgírì, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ rò ni ìwé-ẹ̀rí àràǹdá. Ṣùgbọ́n oníjìbìtì kì í wọn ìrírí. Ó ń tà á ni. Kò bá ẹnikẹ́ni ka ìwàásù kan rí.

Mo gbà, síbẹ̀, pé ìrírí ní ibi tó mọ. Ọdún 23 lórí pẹpẹ kò lè kọ́ ènìyàn ní Hébérù. Kò lè kọ́ ọ ní ìtàn ìjọ ní Àríwá Áfíríkà láyé Augustine. Ẹlòmíràn sì wà tó ti ń tún àṣìṣe kan náà ṣe láti ọdún tó ti bẹ̀rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó sọ fún un. Nítorí náà kì í ṣe ọdún ni ó yẹ kí a máa kà. Nígbà tí ọmọ iṣẹ́ aránṣọ bá ti ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan wá sí ọ̀dọ̀ òmíràn, ọ̀gá tuntun kì í bi í pé ọdún mélòó lo lò; yóò gbé aṣọ fún un pé kí ó gé e. Bí ó bá gé e dáadáa, kò ní dá a padà sí ìdí ríran bọ́tìnnì. Bí kò bá mọ̀ ọ́n gé, yóò padà sídìí rẹ̀, ìbáà ti lo ọdún mẹ́wàá.

Àpò náà

Mo bẹ bàbá pé kí wọ́n fi àpò náà sílẹ̀ fún mi fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo fi àwọn ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́ta náà sórí tábìlì, mo sì gbé ètò ẹ̀kọ́ dìgírì nínú ìmọ̀ Ọlọ́run sí ẹ̀gbẹ́ wọn, mo wá ń wò ó ní kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe máa ń wo iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ láti ibi ìdánrawò ìkọ́ni. Gíríìkì, kò sí nǹkan kan. Hébérù, kò sí. Ìtàn ìjọ, kọ́ọ̀sì T.E.E. kan wà, ṣùgbọ́n ó kéré. Ìwàásù: ó lé ní irínwó, pẹ̀lú déètì, àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ èrò ẹlòmíràn, láti nǹkan bí ọdún keje ni ohùn tiwọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ìgbaninímọ̀ràn: mo ka ojú ewé tí wọ́n kọ ní 2010, nípa ọmọkùnrin kan tí kò sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́ta, ohun tí wọ́n ṣe lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí tí kò ṣiṣẹ́, àti ọjọ́ tí ọmọ náà béèrè oúnjẹ. Ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Mùsùlùmí: orúkọ imáàmù méjì tí wọ́n jọ ń bára wọn sọ̀rọ̀ ní Hausa, pẹ̀lú àlàyé ohun tí wọ́n kò fohùn ṣọ̀kan lé lórí.

Mo kọ kọ́ọ̀sì mẹ́fà sílẹ̀ tí mo gbà pé bí ìgbìmọ̀ olùkọ́ mẹ́ta bá bá bàbá jókòó fún ọ̀sán kan, kí wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè tó le, wọ́n lè dá àbá lórí wọn, kí wọ́n gbà á tàbí kí wọ́n kọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìdí. Mo kọ mẹ́rìnlá sílẹ̀ tí bàbá ní láti kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n padà wá, mo fi ìwé náà hàn wọ́n. Ti mẹ́rìnlá ni wọ́n kọ́kọ́ kà, wọ́n fi ìka tẹ̀ lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ mi iye tí wọ́n ń ta ìwé ẹ̀kọ́ Gíríìkì.